Ìkìlọ̀: ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Dìsẹ́ḿbà fún ẹbí tó ń bọ̀ láti òkè òkun

Ẹ̀yin ará, Dìsẹ́ḿbà ti sún mọ́lé. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Toronto ti ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú, àwọn tó wà nílé sì ti ń bèèrè pé ta ló máa ṣeré, níbo, lọ́jọ́ wo. Àwọn gbájúẹ̀ náà kò sùn. Ẹnì kan wà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì eré, tó ń gba owó tébù fún ilé ijó, tó tún ń yáni ní shortlet, ìyẹn ilé tí wọ́n ń yá fún ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ẹ̀ lórí WhatsApp àti Instagram. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí, torí orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kọ́ ló máa jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ mọ̀, ẹ óò dá a mọ̀ lábẹ́ orúkọkórúkọ.

Bó ṣe bá ẹbí wa nìyí. Ọmọ àǹtí mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ láti Manchester, wọ́n sì fẹ́ wo eré ńlá kan ní Victoria Island. Bùọ̀dá wa kan ní Sùúrùlérè ní òun mọ ẹnì kan tó máa ń bá àwọn èèyàn wá tíkẹ́ẹ̀tì. Kò rí ẹni náà rí o. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló fún un ní nọ́mbà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Manchester, ó ti di pé “èèyàn Bùọ̀dá ni.” Àwọn kan fi owó tiwọn ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá, ó sì fi náírà san án. Àwọn yòókù san pọ́n-ùn sínú àkáǹtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀gbẹ́ni yìí ní ó jẹ́ ti àbúrò òun. Ọ̀sán ọjọ́ eré gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì tó dé. Ó rẹwà lójú, orúkọ olórin wà níbẹ̀, kóòdù QR wà níbẹ̀.

Ní ẹnu géètì, àwọn méjì àkọ́kọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó kan ẹnì kẹta, ọmọkùnrin tó ń scan wo fóònù ẹ̀, ó ní wọ́n ti fi tíkẹ́ẹ̀tì yìí wọlé. Ti ẹnì kẹrin, bákan náà. Ẹ̀yìn wọn ti gùn, àwọn tó wà nílà ti ń pariwo, bouncer sì ní kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ni àwọn tó ti wọlé bá tún jáde, torí ta ni yóò máa jó nínú nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dúró níta? Wọ́n pe ọ̀gbẹ́ni náà títí, fóònù ń dún, kò gbé e. Nígbà tó yá, fóònù ò dún mọ́. Iye tí ọlọ́kọ̀ bù lé wọn lóru ọjọ́ náà láti padà sí Sùúrùlérè, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ojúlówó ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó lọ ra díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á gan-an, ó wá ń ta àwòrán ẹ̀ léraléra fún ẹnikẹ́ni tó bá sanwó. Kóòdù QR ò mọ ẹni tó mú un dání. Bóyá wọ́n ti lò ó tàbí wọn ò tíì lò ó ni ẹ̀rọ tó wà ní géètì ń wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín, àwọn yòókù di oníwàhálà lójú bouncer. Èyí náà ló fà á tí kì í fi í tètè fi ránṣẹ́. Á ní àwọn tó gbé eré kalẹ̀ ò tíì “tú u sílẹ̀,” á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ óò ráyè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Tó bá fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ ti ń kun àtíkè, kò sáyè ìbéèrè.

Nítorí náà, screenshot kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Yálà Davido lẹ fẹ́ wò o, yálà K1 ni àwọn àgbà ilé yín fẹ́ bá fẹsẹ̀ rajó, ojú ewé olórin fúnra ẹ̀ tàbí ti àwọn tó gbé eré kalẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kó wà lórí ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ò lè lọ mọ́, òun fẹ́ ta tòun, ẹ ní kó gba orí ìkànnì tó ti rà á yí i sí orúkọ yín, tí ìkànnì náà bá gba irú ẹ̀. Ẹni tó ra ojúlówó kò ní bínú sí ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni tiwa yìí, bí ẹ bá ti dá a lábàá, ìbínú ló máa kọ́kọ́ fi dáhùn, á ní ẹ ò fọkàn tán òun, á ní àwọn mìíràn ń dúró. Ẹ jẹ́ kó tà á fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín lọ́nà tó tọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àwòrán ẹ̀ sórí status. Mo mọ̀ pé ìdùnnú ni. Ẹni tó bá gé kóòdù yẹn lè ṣáájú yín dé géètì.

Ọ̀rọ̀ tébù ló burú jù lójú tèmi, torí owó ibẹ̀ pọ̀. Ẹ mọ̀ pé láàárín Kérésì sí ọdún tuntun, tébù ní àwọn ilé ijó Victoria Island àti Lekki lè tó mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀, ilé ijó á sì sọ iye tí ẹ gbọ́dọ̀ ná kéré jù kí ẹ tó lè jókòó. Àwọn ọmọ tó ń polówó fún ilé ijó wà lóòótọ́, wọ́n sì ń gba èrè tiwọn níbẹ̀, mi ò ní gbogbo wọn ni ọlọ́ṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń gba àsansílẹ̀, á fi àwòrán rìsíìtì kan ránṣẹ́, tí ẹ bá dé ibẹ̀, orúkọ yín ò sí nínú ìwé. Tàbí kí wọ́n fún yín ní tébù lóòótọ́, kí bíìlì wá dé lálẹ́, kí ẹ rí i pé kọ́bọ̀ nínú àsansílẹ̀ yín kò dé ọ̀dọ̀ ilé ijó. Ẹ pe ilé ijó fúnra ẹ̀ ní nọ́mbà tó wà lójú ewé tiẹ̀, kì í ṣe èyí tí éjẹ́ǹtì fún yín. Ẹ béèrè àkáǹtì tí wọ́n ń san àsansílẹ̀ sí, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa ka orúkọ! Bí ẹ bá tẹ nọ́mbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà nínú àkáǹtì yẹn sínú áàpù báńkì yín, orúkọ ẹni tó ni ín máa jáde kí owó tó kúrò. Ilé-iṣẹ́ tó gbé eré ńlá kalẹ̀ ní Eko Hotel tàbí ní Tafawa Balewa Square kò ní máa gba owó sínú àkáǹtì ìyàwó ẹnì kan. Tiwa yìí ní àlàyé ṣáá ni: àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ti kún, báńkì ń ṣe àtúnṣe, ẹ kàn fi sí ti Ìyá Ìbejì. Ẹ lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó dára kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé CAC kì í ṣe ẹ̀rí ìwà. Ọ̀pọ̀ olè ló forúkọ sílẹ̀.

Ní ti shortlet, àwòrán ilé kan náà ló ń fi ta ilé mẹ́ta ní àdúgbò mẹ́ta. Ẹ fi Google Lens wo àwòrán náà, ẹ óò rí ibi tó ti jí i. Kí ẹnì kan tó wà l'Ékòó lọ dúró nínú yàrá náà pẹ̀lú fídíò WhatsApp, kó tan iná, kó ṣí omi, kí ẹ tó san owó ìdúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ta páàtì etíkun fún yín pẹ̀lú àwòrán Landmark bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ rántí pé wọ́n wó apá etíkun ibẹ̀ lọ́dún 2024 nítorí ọ̀nà tó ń lọ sí Calabar. Àwòrán àtijọ́ ló ń fi pẹja.

Ó tún ń ta owó tuntun fún ìnáwó, torí ó mọ̀ pé àwọn tó ti òkè òkun dé fẹ́ náwó fún olórin. Ìdì ọgọ́rùn-ún, tí ẹ bá kà á, kò pé. Ta lẹ máa fẹjọ́ sùn? Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta náírà, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ná an síni lórí. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Bobrisky lórí kó ná an síni lórí lọ́dún 2024. Ọjà tí ẹni tó rà á kò lè sọ síta ni.

Ìyẹn gan-an ló gbé mi dé ibi tó ń dùn mí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tiwa, Bùọ̀dá bẹ̀ wá pé ká má sọ ọ́ jáde. Ojú tì í. Àwọn ọmọ Manchester náà ní kò burú, wọn ò fẹ́ kí inú Àǹtí bàjẹ́ nínú ọdún. Gbogbo wa gbé e mì. Kò pé rárá, a gbọ́ pé ìdílé kan ládùúgbò wa gan-an ti san owó fún ọ̀gbẹ́ni kan náà, lórí pé “àwọn ará ilé kejì ti bá a rajà.” Àwa ni ẹlẹ́rìí tó fi tà á fún wọn, láìjẹ́ pé a la ẹnu. Nínú ẹbí, ẹnì kan ló máa ń kó owó jọ. Bó bá bàjẹ́, ẹni náà ò fẹ́ sọ, àwọn tó kù ò fẹ́ dójú tì í, olè wá di ẹni tí a jẹ́rìí sí. Ẹ má dáàbò bo ọlọ́ṣà nítorí àlàáfíà ẹbí. Bùọ̀dá náà ló ní kí n kọ èyí báyìí, kí ẹ má rò pé mo ń tú àṣírí ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Láti ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀kìtóbà ọdún 2024, tí wọ́n bá fi jìbìtì mú yín fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì Ìlú Ọba sínú àkáǹtì Ìlú Ọba mìíràn, báńkì ní láti dá a padà, títí dé £85,000, àyàfi tí wọ́n bá rí i pé àìbìkítà yín pọ̀ jù. Wọ́n lè yọ £100 níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láàárín oṣù 13. Owó tó lọ tààrà sí Nàìjíríà kò sí nínú ẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí àwọn tó sanwó sí àkáǹtì “àbúrò” ní Lọ́ńdọ̀nù rí owó wọn gbà, tí náírà tí Bùọ̀dá san sì wọgbó. Tí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì ra ohun tí ẹyọ kan ẹ̀ ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000, ẹ lè béèrè owó náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ káàdì pẹ̀lú, lábẹ́ ẹ̀ka 75 òfin kírẹ́díìtì wọn. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, Zelle tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì dà bí owó tí ẹ kà lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ yan “friends and family” lórí PayPal kò fẹ́ kí ẹ rí owó yín gbà mọ́, torí PayPal kì í dáàbò bo olùrà níbẹ̀.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín nílé, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, ní òru ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n bá báńkì ẹni tó gbà á sọ̀rọ̀ bóyá owó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́ nítorí ìbínú. Nọ́mbà àkáǹtì, orúkọ tó jáde, rìsíìtì àti gbogbo ohun tó sọ ni EFCC ní Ìkòyí tàbí ọlọ́pàá máa fẹ́ rí. FCCPC náà ń gba ẹjọ́ olùrà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì ni wọ́n lè pè.

Ojú ewé tó fi tà fún wa ti yí orúkọ padà. Nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn, ó ti kúrò lórí eré, ó ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun fún ìjókòó àti aṣọ ẹgbẹ́ ní Ojúde Ọba ti ọjọ́ kẹta Iléyá. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń yan aṣọ tiẹ̀. Ẹ pe akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, ẹ bi í iye tó jẹ́ àti ẹni tí wọ́n ń san án fún.