Wọ́n sanwó bọ́ńpà mi o, àmọ́ ojú mi rí nǹkan kí n tó gbà á

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ eléyìí: wọ́n sanwó. Àwọn èèyàn máa ń pariwo pé kò sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó ní Nàìjíríà, èmi ti rí tèmi gbà. Mi ò níí dárúkọ wọn. Ẹ̀ka wọn kan wà ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn níbí, olú iléeṣẹ́ wọn wà l'Ékòó. Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́ta nínú márùn-ún ni, àǹtí kan tó ń gba ìwé lọ́wọ́ èèyàn ló sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀.

Ìjàǹbá náà fúnra rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo ń gbé kúlà oúnjẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni láti Sángo dé Mókọlá, ni ọmọkùnrin kan bá fi Accord kọ lù mí lẹ́yìn. Bọ́ńpà ya, iná ẹ̀yìn kan fọ́, bọ́ọ̀tì wọnú, kò dé mọ́. Ọbẹ̀ ò dà, mo dúpẹ́. Ọmọ náà ń dọ̀bálẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà," ó fẹ́ fún mi ní ₦20,000 kí n máa lọ. Àwọn tó yí wa ká náà ní kí n gbà á, kí n fi ti Ọlọ́run ṣe é. Ọlọ́run kọ́ ló ń ta iná ẹ̀yìn Corolla ní Gate. Mo ní kó mú ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ wá.

Third party ni, orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. ₦15,000 yìí tí a ń san lórí mọ́tò ara ẹni láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 (₦5,000 ni tẹ́lẹ̀), torí ọlọ́pàá nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń san án. Wọn ò mọ̀ pé ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí nǹkan ẹlòmíì tí mọ́tò wọn bá bà jẹ́. Ti ẹlòmíì o, kì í ṣe tiwọn. Mo tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sí askNIID, ibi tí a ti ń yẹ ìnṣọ́ránsì mọ́tò wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù mi níbẹ̀, ó gbé e jáde pé ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ayédèrú ìwé pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó máa ń dúró káàkiri ibi tí a ti ń ṣe pátíkúlà.

Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ra ìnṣọ́ránsì náà, ẹni tó rà á ló gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn pé mọ́tò òun ló kọ lù yín. Ọmọ náà ń fi òní dọ́la, ó ń fi ọ̀la dọ́tùn-únla, títí mo fi pe ìyá rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ohun tó sọ fún un nílé, màmá náà fúnra rẹ̀ ló gbéra lọ sí Dùgbẹ̀ lọ kọ fọ́ọ̀mù.

Àǹtí tí mo sọ yẹn dáa. Ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò, láísẹ́ǹsì ọmọ náà, pátíkúlà mọ́tò méjèèjì, ìwé iye owó tí panẹ́bítà mi kọ, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Tí mo bá pè é tí kò gbé e, ó máa pè mí padà. Ẹ wá irú ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá yẹ mọ́tò wò ni mi ò fẹ́ràn. Alfa, panẹ́bítà mi, ti tú bọ́ńpà sílẹ̀ dè é kó lè rí irin inú tó ti wọ́. Ó dúró lókèèrè nínú bàtà funfun, ó ya fọ́tò, ó lọ. Kò bẹ̀rẹ̀ wò ó rárá. Alfa ní, "Ìyáa wa, ẹni yìí ti mọ iye tó máa kọ kó tó wá."

Òótọ́ ló sọ. ₦285,000 ni Alfa kọ: bọ́ńpà àti iná tòkunbọ̀ ₦130,000, iṣẹ́ panẹ́bítà ₦70,000, ọ̀dà ₦85,000. Wọ́n gé e bí ẹni tó ń gé ẹran òde tí àlejò ti pọ̀ jù. Bọ́ńpà àti iná di ₦60,000, wọ́n yọ owó ọ̀dà kúrò pátápátá, wọ́n ní ara mọ́tò náà ti ha tẹ́lẹ̀. ₦130,000 péré. Wọ́n wá fi discharge voucher tì í lẹ́yìn pé kí n fọwọ́ sí i. Ẹ ka ìwé yẹn dáadáa kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́: tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti gbà pé wọn ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ mọ́.

Mi ò fọwọ́ sí i. Mo lọ sí Gate, àwọn méjì tó ń ta páàtì mọ́tò kọ iye tí wọ́n ń tà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́tò ti ha tẹ́lẹ̀, ọlọ́kadà kan ló ṣe é fún mi ní Òjòó. Àmọ́ ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan, mo sì ní fọ́tò tí mo fi sórí status WhatsApp mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èmi àtọmọ iṣẹ́ mi pẹ̀lú kúlà lẹ́yìn mọ́tò, bọ́ńpà ń dán gbinrin. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà, mo fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn. Mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé NAICOM ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Àwọn tí kì í gbé fóònù l'Ékòó wá ń pè mí ní "madam, good morning" láago mẹ́jọ àárọ̀.

₦260,000 ni wọ́n san. Ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan, ₦25,000, ni wọ́n yọ, ìyẹn ò dùn mí. Owó tákísí tí mo fi ń kó oúnjẹ kiri ló ń dùn mí, wọ́n ní àwọn kì í san ìyẹn. Màmá ọmọ náà fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, bẹ́ẹ̀ èmi ò béèrè.

Ní báyìí, àǹtí yẹn fẹ́ kí n wá ra comprehensive lọ́dọ̀ wọn, èyí tó máa ń san ti mọ́tò tèèyàn fúnra rẹ̀ náà. Ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò ni. Lórí Corolla tèmi tí wọ́n wò ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦200,000 nìyẹn lọ́dún. Mo fẹ́ràn àǹtí náà gan-an, àmọ́ mi ò lè san irú owó yẹn fáwọn tó máa rán oníbàtà funfun yẹn sí mi. Ibòmíì ni mo ti fẹ́ rà á.