Wáṣà mẹ́ta àti ọkọ̀ bàbá mi: àgbéyẹ̀wò Volkswagen Ìjàpá ọdún 1978

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń ní kí n kọ nǹkan nípa Ìjàpá tí mò ń wà, tí mo ń dá wọn lóhùn pé mi ò ráyè. Ohun tójú mi rí lọ́nà Ọ̀yọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló wá àyè fún mi. Bí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ má bínú, inú ṣì ń bí mi.

Mi ò ní máa sọ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, pé kì í mu omi, pé iwájú ni búùtù rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó bi bàbá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Ọ̀jọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, ni tèmi ti jáde. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, owó ni wọ́n yá tí wọ́n fi rà á. Ọkọ̀ tíṣà àti nọ́ọ̀sì nìyẹn nígbà náà. Ẹni tó bá ti di ọ̀gá díẹ̀ á lọ ra Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, á wá máa fi fèrè lé wa kúrò lọ́nà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀rọ̀ wáṣà.

Bẹ́lítì ọkọ̀ náà ti ń já fọ́nrán fọ́nrán, mo sì gbé e lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ń kọ rìsíìtì, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ òde òní wò. Ọ̀gá wọn fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n lọ ra omi tútù fún mi. Ó wá pe ọmọṣẹ́ kan pé kó bá mi pààrọ̀ bẹ́lítì tí mo ti rà dání.

Púlì dínámò Ìjàpá, abala méjì ni. Àwọn wáṣà pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn. Bí bẹ́lítì bá dẹ̀, èèyàn á yọ wáṣà kan kúrò láàárín, abala méjèèjì á sún mọ́ra, bẹ́lítì á gòkè, á sì le. Wáṣà téèyàn yọ kì í ṣe pàǹtí o. Iwájú púlì, lábẹ́ nọ́ọ̀tì, la máa ń kó o sí, kí nọ́ọ̀tì lè rí nǹkan dì mú, kó sì wà níbẹ̀ de ìgbà tí a bá tún nílò rẹ̀. Téèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́lítì náà, ó yẹ kó wọlé tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀.

Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ tèmi, ó le bí awọ gángan.

Mo ní, "Ṣé kò le jù báyìí?"

"Mọ̀mí, tó bá dẹ̀, ó máa já ni."

Ọ̀gá rẹ̀ náà mi orí. Mo sanwó, mo lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ l'Ọ̀yọ́. Mo kọjá Mọ́níyà, mo ń gbọ́ ohun kan tó ń han lẹ́yìn. Ká tó dé Fìdítì, ó ti di igbe. Ni iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ń wa Ìjàpá mọ̀ pé iná yẹn kì í ṣe ti bátìrì lásán: ara dínámò ni fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì wà, bẹ́lítì kan náà ló sì ń yí méjèèjì. Téèyàn bá ní òun á rọra wà á délé, ẹ́ńjìnnì á jóná. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn, bẹ́lítì tuntun ti já, dínámò ti gan, kò yí mọ́, gbogbo ibẹ̀ ń rùn. Àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì wá ń bá mi kẹ́dùn. Ọ̀kan ní kí n bu omi sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà mí dé ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ yìí ṣe látìgbà tí bàbá mi wà láyé. Bàbá ò kí mi ju "Ọmọ Tíṣà, ẹ káàbọ̀" lọ. Wọ́n ki sukurudiráfà sí ojú ibi tó wà lára púlì kó má baà yí, wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n wo inú, wọ́n wo ìta. Wọ́n tún wo ilẹ̀, bóyá ó já bọ́ síbẹ̀.

"Wáṣà dà?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Kò sí ìkankan láàárín. Kò sí ìkankan níwájú. Ta ló ṣe èyí?" Ohùn wọn dà bíi pé mo jí nǹkan.

Bíàrín dínámò ló bàjẹ́ nítorí bẹ́lítì tó le jù. Bàbá rán ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bíàrín fáwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, ó sì rí ìwọ̀n tó bá a mu níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ọkọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n wá yọ wáṣà nínú àpótí tiwọn, wọ́n yá mi. Nígbà tí mo rò pé ó ti parí, wọ́n ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di àárọ̀: wọn ò lè yẹ fáàfù wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Mo sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ní kùtùkùtù, Bàbá ń fi ọwọ́ yí púlì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ki irin pẹlẹbẹ tín-ínrín 0.15 mílímítà sí àlàfo fáàfù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n dijú. Wọn ò wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ọwọ́ wọn ló ń sọ fún wọn. Nígbà tí mo tan ẹ́ńjìnnì, ẹnu yà mí: kò pariwo fàtàfàtà tó máa ń pa mọ́.

Inú tó ń bí mi ò tíì rọ̀ o. Mi ò délé kí n tó yà sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ̀mí. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Wáṣà mi dà?"

"Wáṣà wo, mà?" Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ó ní, "Mọ̀mí, ọkọ̀ yín ló ti gbó. Ẹ bá tà á, kí ẹ ra Corolla."

Mo ní lóòótọ́ ló gbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogbó ló tú púlì. Ló bá pe ọmọ náà. Ọmọ họrí, ó lọ gbé agolo mílíìkì kan tó kún fún nọ́ọ̀tì àti bọ́ọ̀tì, ó dà á sórí ìwé ìròyìn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣà á. Mo rí méjì. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ọmọ náà yíjú sí jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó ń mì ni wáṣà mi wà.

Wọ́n ní láti pa iná kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Àwọn tó ń gba iná sí fóònù figbe ta: "Ta ló paná? Ẹ tan iná o!" Ọ̀gá ń bẹ̀ wọ́n, ọmọṣẹ́ ń gbé jẹnẹrétọ̀ sókè, mo na ọwọ́ sílẹ̀ bí olówó èlé. Ẹ̀rín pa mí, ó sì pa ọ̀gá náà. Ó dá ìdajì owó iṣẹ́ padà, ó ní ìdajì tó kù jẹ́ ti bẹ́lítì. Bẹ́lítì tí mo fowó ara mi rà! Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti wíwà rẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé kì í mu epo ń tan yín. Lítà kan ò gbé e ju bíi kìlómítà 10 sí 12 lọ, Corolla tí ọ̀gá yẹn ń polówó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ́síì. Nígbà tí epo wà lábẹ́ 200 náírà, kò hàn sí wa. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ó hàn kedere. Bíréèkì rẹ̀ ń fẹ́ àyè níwájú, àyè yẹn gan-an ni àwọn onítakisí Micra máa ń kó wọ̀. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo wá sẹ́yìn kó tó là. Iná tó ń jó Ìjàpá, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń pa dé débi pé mo ní láti sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tì. Omi tó ń fọ gíláàsì iwájú, atẹ́gùn inú táyà àpamọ́ ló ń tì í jáde, kò nílò iná kankan. Òkè Mápó ò dẹ́rù bà á. Mo sì lè fi sípánà díẹ̀ tú ohun tó bá bàjẹ́, kí n rí i pẹ̀lú ojú mi.

Máàkì: 4 nínú 10. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tí kò ní ná an lówó, kó má rà á. Àwọn tó sì ń dá mi dúró ní Mókọ́lá pé èló ni màá tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń fẹ́ ò fẹ́ràn gosìlóò.