Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ìtàn àwọn oníkọ̀ǹpútà jọ, ẹ wo Jargon File yìí dáadáa

Àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìtàn àwọn tó ń kọ prógíráàmù ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Ẹni tó bá ń ṣe lítíréṣọ̀ alohùn ní yunifásítì tó wá fẹ́ kọ tíísì lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn tó ń kọ prógíráàmù, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ jàre. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ torí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà.

Raphael Finkel ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford lọ́dún 1975, àwọn ará MIT, yunifásítì míì ní Amẹ́ríkà, dá sí i, Guy Steele àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níwèé ní 1983, kó tó wá bọ́ sọ́wọ́ Eric Raymond. Àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ Appendix A tó wà lẹ́yìn gan-an lẹran ibẹ̀ wà, ìtàn ló wà níbẹ̀. Ẹ ka ti swíìṣì ara PDP-10, kọ̀ǹpútà ńlá ayé àtijọ́ kan, ní MIT, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ "magic" sápá kan, "more magic" sápá kejì, wáyà kan ṣoṣo ló wọnú ẹ̀ tó túmọ̀ sí pé kò yẹ kó lè ṣe nǹkan kan, wọ́n wá tì í kúrò ní "more magic", ni kọ̀ǹpútà bá kú!

Ti Mel ni mo fẹ́ràn jù. Ed Nather ló kọ ọ́ sórí Usenet, ibi táwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn nígbà yẹn, ní May 21, 1983, nípa Mel, ọ̀gá kan tó ń kọ kóòdù fún RPC-4000, ẹ̀rọ tó jẹ́ pé drọ́ọ̀mù tó ń yí ni mẹ́mọ́rì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ geere ni Nather kọ o, àfi bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ránṣẹ́ síra wọn títí tó fi di ewì. Ewì yẹn ni Jargon File gbé, wọ́n sì fi àlàyé tí Nather fúnra ẹ̀ ṣe ní 1992 sísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àlọ́ Ìjàpá ṣe ń yí padà láti ìlú dé ìlú á mọ̀ pé ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn, kẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ṣì wà láyé nígbà náà kó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí pé wọ́n ti yí i.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú Jargon File ni ò sọ ta ló sọ ọ́, níbo, nígbà wo, bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹn kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà lọ sínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ Usenet tí Henry Spencer tọ́jú sórí téèpù ní Yunifásítì Toronto láti 1981 sí 1991, ó ju mílíọ̀nù 2 lọ, déètì àti orúkọ wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́ sá o, àwọn tó kọ wọ́n ò mọ̀ pé ẹnì kan máa fi ṣèwádìí lọ́jọ́ kan, ẹ má kàn gbé orúkọ olórúkọ sínú tíísì, tẹ́ ẹ bá rí ẹni náà kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà Jargon File tẹ́ ẹ lò sílẹ̀, torí tinú ẹ̀dà kan yàtọ̀ sí tòmíràn.