Sámọ̀n Scotland: ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ

Ẹja sámọ̀n Scotland ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, èyí tí wọ́n ń gé ní abala méjì-méjì, tí wọ́n á fi ọ̀rá wé pinpin, tó kún inú fíríìjì gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì ní Glasgow níbí. Iṣẹ́ oúnjẹ àríyá ni mò ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, Titus díndín ni gbogbo èèyàn ń fẹ́ lórí ìrẹsì, ní báyìí ìyàwó ojú ọ̀nà á pè mí, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé Titus wá o, sámọ̀n la fẹ́." Owó wọn ni. Mo ti dín in, mo ti yan án, mo ti sè é lọ́bẹ̀, mo mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn.

Kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ní eegun tó lè há ọmọdé lọ́fun, kò sì gba àkókò. Ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, ẹ da awọ rẹ̀ dé páànù tó ti gbóná, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí awọ náà á fi gan. Ọ̀rá rẹ̀ fúnra rẹ̀ á yọ́ jáde, ẹ ò ní nílò òróró púpọ̀. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ nínú ọbẹ̀ ata, ó ń dójú tini: kí ẹ tó ro ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tí wọ́n ní àwọn fi èéfín sun ńkọ́? Rírọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ ni. Ẹni tó bá ti ra ẹja gbígbẹ rí ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, yóò bi ara rẹ̀ pé ibo ni èéfín ọ̀hún gbà.

Ọ̀rọ̀ páálí rẹ̀ ló kàn. Láti ọdún 2024, "Scottish salmon" ni orúkọ tí òfin dáàbò bò. Kí ó tó dìgbà yẹn, "Scottish farmed salmon" ni. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọ̀sìn (farmed) kúrò níwájú. Ẹ yí páálí sẹ́yìn, ẹ máa rí i níbẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-tín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú sámọ̀n nínú odò Scotland, kò láṣẹ láti tà á láti ọdún 2002. Torí náà sámọ̀n Scotland tí ẹ bá rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì, inú ọgbà ẹja ọ̀sìn ló ti wá.

Ọgbà náà kò jọ adágún àrọ̀ tí a mọ̀ nílé. Mo rí díẹ̀ nínú wọn nígbà tí mo lọ sè fún ìgbéyàwó kan lápá Oban, níbi tí òkun ti ya wọ àárín àwọn òkè. Òrùka dúdú ràgàjì-ràgàjì ló léfòó, àwọ̀n bò wọ́n lórí nítorí ẹyẹ, ọ̀pá rọ́bà sì ń tu oúnjẹ sínú wọn, ẹ máa gbọ́ ṣàà, ṣàà, láti etí omi. Àwọ̀n nìkan ló wà láàárín ẹja yẹn àti òkun. Omi ń wọlé, ó ń jáde. Ìgbẹ́ ń jáde, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ń rì, oògùn náà ń bá omi lọ. Bí ìgbẹ́ àti oúnjẹ bá pọ̀ jù lábẹ́ ọgbà, afẹ́fẹ́ á tán nínú ẹrẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tó ń gbé ibẹ̀ á kú tàbí kí wọ́n sá.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kòkòrò iná òkun (sea lice), tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja lára bí iná orí, tó ń jẹ awọ, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ẹja ti fún pọ̀ bẹ́ẹ̀, iná a máa bí sí i ni. Nígbà ìrúwé, àwọn ọmọ sámọ̀n tí Ọlọ́run dá sódò á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òkun, wọn ò tóbi ju ṣáwá kékeré lọ, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá. Ẹja ńlá lè gbé iná díẹ̀ káàkiri. Ọmọ ẹja kò lè gbé e. Wọ́n ń po oògùn mọ́ oúnjẹ láti pa iná náà, àmọ́ ẹbí kan náà ni òun àti edé àti akàn àti alákàṣà. Oògùn tó bá pa iná kò ní bi edé léèrè orúkọ kó tó pa òun náà. Ọkùnrin kan tó ń fi igèrè dẹ akàn lápá ibẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀hún títí ọbẹ̀ mi fi fẹ́ jóná.

Wọ́n tún ń kó ẹja wrasse láti etí òkun Cornwall àti Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n máa ṣa iná jẹ nínú ọgbà. Bí iṣẹ́ bá parí, pípa ni wọ́n ń pa wọ́n. Ìjì ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìjì já ọgbà kan ní Carradale, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, kúrò nídìí okùn rẹ̀, sámọ̀n 48,834 bọ́ sómi. Ẹja ọ̀sìn tó bá bá ti odò bímọ, àwọn ọmọ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun abẹ̀mí tó fẹ́ run láyé, kọ orúkọ sámọ̀n odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àkúrun. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ọgbà ẹja o. Odò ń gbóná, wọ́n fi ìdídò dí ọ̀nà, òkun fúnra rẹ̀ ti yí padà.

Ibi tó wá kan ilé wa ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀wà sóyà àti òróró ewéko ló pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹja lílọ̀ àti òróró ẹja ṣì wà níbẹ̀. Etí òkun Mauritania, Senegal àti Gambia wà lára ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá sí Yúróòpù, ṣáwá àti agbódò sì ni wọ́n ń lọ̀. Ẹja tí obìnrin ń yan ní èbúté, tí olówó tín-ín-rín fi ń jẹ ẹ̀bà! Ní Gunjur, ní Gambia, omi ọ̀sà kan pọ́n lọ́dún 2017, ẹja kú sójú omi, àwọn ará ìlú sì nàka sí ilé iṣẹ́ tó ń lọ ẹja níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra sámọ̀n, mo ní kí wọ́n sọ ibi tí òróró inú oúnjẹ ẹja wọn ti wá. Ohun tó wà lára páálí ni wọ́n tún kọ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 fún ẹnu, 1 fún òkun. Ẹni tó bá yarí pé sámọ̀n lòun fẹ́, mo ṣì ń sè é fún un. Àmọ́ mussels ni mò ń kọ́kọ́ gbé síwájú wọn báyìí, abìkarahun dúdú tí wọ́n ń so mọ́ okùn ní Shetland àti etí òkun ìwọ̀-oòrùn. Kò sẹ́ni tó ń fún un lóúnjẹ, ohun tó bá wà nínú omi ló ń sẹ́ jẹ, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti sámọ̀n. Ẹ dín àlùbọ́sà àti ata rodo, ẹ dà á sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin-márùn-ún. Èyí tí kò bá lanu, ẹ dà á nù.