Àyẹ̀wò Irinṣẹ́ Python fún Pípín Nọ́ńbà àti Sísọ Ọ́ Di Odidi

Ẹni tí ó bá fẹ́ yanjú àwọn àdììtú kéékèèké nípa pípín nọ́ńbà kò ní láti wá irinṣẹ́ mìíràn kún Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí pé ohun tí ó nílò ti wà nínú rẹ̀. Àmì // ń mú odidi wá, % ń mú àṣẹ́kù wá, divmod, èyí tí mo fẹ́ràn jù, sì ń kó méjèèjì wá pọ̀: divmod(200, 60) yóò fún wa ní 3 àti 20.

Nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. -7 // 2 jẹ́ -4, kì í ṣe -3, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni // máa ń lọ nígbà gbogbo. Àǹfààní rẹ̀ ni pé -(-7 // 2) yóò fún wa ní 4, bí a bá fẹ́ pín 7 sí 2 kí a sì lọ sókè.

Round, èyí tí ń sọ nọ́ńbà di èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, ni mo ní ẹ̀sùn sí. Ní Python 3, round(2.5) jẹ́ 2, round(3.5) sì jẹ́ 4, torí pé bí nọ́ńbà bá wà láàárín gan-an, odidi tí a lè fi 2 pín láìṣẹ́kù ni yóò yàn. Ìyẹn bójú mu, ṣùgbọ́n round(2.675, 2), tí 2 ìkẹyìn rẹ̀ ń béèrè fún nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdá, ń fúnni ní 2.67 dípò 2.68, nítorí pé iye tí kọ̀ǹpútà tọ́jú kéré díẹ̀ sí 2.675. Ẹni tí ó bá ń ṣírò owó, kí ó lo decimal, irinṣẹ́ Python tí ń tọ́jú nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ROUND_HALF_UP, èyí tí ń gbé nọ́ńbà tí ó wà láàárín gan-an lọ sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ rẹ̀ gùn, tí a sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà náà sínú àmì àyọlò.