Oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ní AI: ohun tí mo gbọ́ àti ohun tó fi pamọ́ fún mi

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Èmi ń rojọ́ pé àwọn èèyàn ti ń kùn lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ń sọ pé ariwo tẹlifíṣọ̀n wa ti fẹ́ gbé òrùlé lọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó ku ọ̀sẹ̀ kan." Mo yí padà, mo ní, "Ta ló ń dìtẹ̀ mọ́ wa?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ ni mo pè, ẹ̀yin gbọ́ ọ̀tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò etí yín."

Mo jiyàn fún bí ọdún kan kí n tó lọ. Mo mọ̀ pé n kì í ṣe adití. Mo ń gbọ́ ohùn èèyàn dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro náà sì wà. Ẹ wo "ọ̀sẹ̀" àti "ọ̀tẹ̀": ohùn wọn dọ́gba, fáwẹ́lì wọn kò yàtọ̀, kọ́ńsónáǹtì àárín nìkan ló pín wọn níyà. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín máa ń gba inú ìró tó nípọn kọjá, ní nǹkan bí 100 sí 250 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí etí mi ṣì ti lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn bíi s, f àti t jẹ́ èémí tín-ín-rín tó ń sú lókè lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú wọn kọjá 3000 Hz. Ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ máa ń jí nǹkan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbọ́ orin ọ̀rọ̀ náà láìgbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. "Wọ́n ti fọ̀ ọ́" á dé etí mi bíi "wọ́n ti kọ̀ ọ́," ẹ sì lè fojú inú wo irú ìbànújẹ́ tí mo ti bá ẹnì kan kẹ́dùn lórí aṣọ lásán.

Lọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé kò tẹjú bọ inú etí mi mọ́. Kámẹ́rà kékeré kan ló kì bọ̀ ọ́, àwòrán sì jáde lára tábílẹ́ẹ̀tì: ihò etí mi, awọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń dán bí ike. Ẹ̀rọ náà fi àmì sí apá òsì pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà. Dókítà wò ó, ó ní, "Ìdọ̀tí etí ni." Ó wẹ̀ ẹ́ kúrò, ó tún un yà, àmì náà sì lọ. Mo fẹ́ràn bó ṣe ṣe é: ó jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ dájọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré o. Ní 2024, àwọn dókítà ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde kan jáde nípa AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà) tó ń wo fídíò awọ etí àwọn ọmọdé láti mọ èyí tó ní kòkòrò àrùn, ó sì ń mọ̀ ọ́n ní ohun tó lé ní ìgbà 93 nínú 100. Ọmọdé tó ń jà, tí kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan etí òun, ṣòroó yẹ̀ wò lójú lásán, nítorí náà mo rí ìwúlò rẹ̀. Ti àgbàlagbà bíi tèmi ṣì nílò ẹni tó mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí àrùn.

Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló tẹ̀ lé e. Ìlà tó jáde lórí ìwé bẹ̀rẹ̀ dáadáa lápá òsì ìwé náà, ní 250 Hz, 500, 1000, lẹ́yìn náà ló dà wálẹ̀ bí ẹni tó jábọ́ lórí àkàsọ̀. Ní 4000 Hz, ìró gbọ́dọ̀ tó 60 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe le tó) kí n tó gbọ́ ọ. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà ṣàlàyé fún mi pé nínú etí kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irun tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ wà tó ń sọ ìró di ìròyìn fún ọpọlọ, pé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ìró tín-ín-rín máa ń lò, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ kú. Bí wọ́n bá kú, wọn kì í hù mọ́. Ó wá fi ẹ̀rọ méjì hàn mí, ti àtijọ́ àti ti tuntun tó ní AI. Mo mú ti tuntun.

N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo fẹ́ bú u díẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló wà lọ́jà. Láti 2018 ni Starkey, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ti gbé Livio AI jáde. Oticon, ilé iṣẹ́ mìíràn, sọ pé ìró mílíọ̀nù 12 làwọn fi kọ́ ọpọlọ àtọwọ́dá inú ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ More. Phonak náà gbé Sphere Infinio tirẹ̀ jáde ní 2024, ó ní ìró mílíọ̀nù 22 lòun lò. "Kíkọ́" níbí túmọ̀ sí pé wọ́n po ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́ ariwo, wọ́n fún kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó yọ ọ̀rọ̀ jáde. Bó bá kùnà, wọ́n á tún un ṣe díẹ̀, wọ́n á fún un ní òmíràn, títí ó fi mọ̀ ọ́n yọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe létí yín kò gbọ́dọ̀ falẹ̀ rárá. Bó bá ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ẹ ó máa gbọ́ ohùn ara yín lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dùn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn dà bíi jígí ojú ń tàn yín ni. Jígí ni ẹ ó kàn fi sójú, ẹ ó ríran. Èmi wọ èyí, ìwé tí mo ń ṣí ń dún bí ewé gbígbẹ, omi ẹ̀rọ ń hó bí òjò, bàtà ara mi ń lé mi kiri nínú ilé. Ọpọlọ mi ti gbàgbé àwọn ìró wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá dé pa pọ̀ láìkan ìlẹ̀kùn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi ni pé kí n máa wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kí n má ṣe sá. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ "s" tó parí orúkọ ẹnì kan lórí fóònù, mo ní kó tún un pè, kì í ṣe pé n kò gbọ́, ó kàn dùn mọ́ mi ni.

Ibi tí AI ti fi ara rẹ̀ hàn ni inú ariwo. Mo wọ gbọ̀ngàn kan tí ó tó igba èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, irú ibẹ̀ ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn tó kù bá rẹ́rìn-ín, kí n sì máa gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ìbéèrè. Mo tẹ bọ́tìnnì, ariwo náà fà sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn, ohùn ẹni tó wà níwájú mi sì dúró níbẹ̀ gedegbe. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí mo dé ilé, orí kò fọ́ mi. Ẹni tí etí rẹ̀ pé kò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí: gbígbọ́ pẹ̀lú ipá ń rẹ èèyàn bí iṣẹ́ oko.

Ṣùgbọ́n ta ló ní ohun tó wà lẹ́yìn mi jẹ́ ariwo? Ìbéèrè tó wọ̀ mí lọ́kàn nìyẹn ní oṣù kejì, nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè mí láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò dáhùn. Ẹ̀rọ náà ti pinnu pé ẹni tí mo kọjú sí ni mo fẹ́ gbọ́. Ọmọ mi wọ inú ohun tó gbé jù nù. Nínú àwùjọ kan náà, ẹnì kan dápàárá, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì dé ọ̀dọ̀ mi bí ìgbà tó ń ti ẹ̀yìn ògiri wá. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ láti mọ̀, ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀rọ̀. Orin tún burú jù ú lọ. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní apá kan tó ń pa ìsúfèrè tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń ṣe. Bí ẹni tó ń fọn fèrè bá wá gbé ohùn kan dúró pẹ́, apá yẹn á rò pé ara òun ló ń sú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ohùn náà jìgìjìgì. Mo kọ́kọ́ rò pé afunfèrè ni kò mọṣẹ́.

Mo gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi tún un ṣe, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé ìdajì owó tí mo san, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo san án fún. Ó ki túùbù kan tó tín-ín-rín bọ inú etí mi, ó wọn ìró tó ń dé ibi awọ etí gan-an, ó fi wé ohun tí ìwé àyẹ̀wò mi béèrè. Áàpù ti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe fún oṣù kan lórí fóònù mi, apá ọ̀tún ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dá a padà, ó dín agbára tí AI fi ń ti ariwo sẹ́yìn kù, ó sì ṣe ètò kan fún orin tí kò sí AI nínú rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà, mo ń tẹ bọ́tìnnì fúnra mi. N kò jẹ́ kó máa yàn fún mi mọ́, àfi nínú ariwo tó pọ̀ jù.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2021 pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ìgbọ́ràn wọn dín kù tó bílíọ̀nù 2.5 ní 2050, kí mílíọ̀nù 700 nínú wọn sì nílò ìtọ́jú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò tó rárá. Ibẹ̀ ni mo ti fara mọ́ ẹ̀rọ jù: àjọ náà ní áàpù hearWHO tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ etí ara rẹ̀ wò lórí fóònù, tó ń pe nọ́ńbà sínú ariwo tí ẹ ó sì tẹ ohun tí ẹ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti gbà láti 2022 kí àgbàlagbà ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn láìgba ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà tó sì di 2024, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i kí AirPods Pro 2, ohun tí Apple ṣe fún gbígbọ́ orin létí, máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le jù. Fún ẹni tí kò ní nǹkankan, ó dára púpọ̀. Àmọ́ bí etí kan bá ṣàdédé di lójijì láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ fi áàpù sílẹ̀ o, ẹ sáré lọ rí dókítà. Oògùn tó lè gbà á là kì í fẹ́ ìdúró.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù. Etí mi tó máa ń hó wíín lóru ti dín kù ní ọ̀sán nígbà tí mo bá wọ̀ ọ́. Bí mo bá yọ ọ́, ó ń padà dé. Apá tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ lórí fóònù wúlò fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sílẹ̀ bákan náà láìfi àmì kankan sí i, ó wá kù sọ́wọ́ mi láti mọ èyí tí wọ́n wọ̀ àti èyí tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀rọ tún ń ṣọ́ bóyá mo ṣubú. Ó ti ránṣẹ́ sí ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà méjèèjì, mo kàn ju ara mi sórí àga ni.

Bátìrì ni ẹ̀bi rẹ̀ tó burú jù. Láìlo ètò ariwo, ó ń gbé mi láti òwúrọ̀ dé àsùnwọra. Bí mo bá fi AI sí i fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, alẹ́ kì í tíì lé tí ohùn inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀. Wọn kò sọ ìyẹn fún mi kí n tó san owó.

Màá tún un rà? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó ń bá mi tún un ṣe bá wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ̀rọ tuntun láìsí ẹni yẹn tàbí ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ti àtijọ́ ni màá gbé. Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ béèrè wákàtí tí bátìrì ń lò nígbà tí AI bá ń ṣiṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹ lè pa á fúnra yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi tí ariwo wà. Yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí wọ́n ti ń tà á, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní dára níbẹ̀.