Kámẹ́rà wo ni kí ayafídíò Ifẹ̀ rà, tí ìlà ò fi ní máa jó lára aṣọ?

Ẹni tó bá ń ya fídíò òde ní Ilé-Ifẹ̀ ò lè sá fún aṣọ onílà. Ẹtù àwọn àgbà rèé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí aró dúdú. Léèsì ń bẹ. Páànù orí ilé náà ń bẹ, láti Ẹnuwá títí dé Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló ń tú àṣírí kámẹ́rà: ìlà á máa jó lára aṣọ, àwọ̀ tí ò sí níbẹ̀ á yọ, etí páànù á rí ṣákaṣàka.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí Canon 5D Mark II, torí òun ni tòkunbọ̀ tó rọjú jù nínú àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ. Ó jáde ní 2008 pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 21.1, ìyẹn mílíọ̀nù 21.1 píksẹ́ẹ̀lì, àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán. Fídíò HD, 1920 × 1080, ò ju mílíọ̀nù méjì píksẹ́ẹ̀lì àti díẹ̀ lọ. Kámẹ́rà náà ò lè yára ka gbogbo èyí tó ní, ló bá ń fo ìlà, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ní ìlà kan, tó fo méjì. Fọ́nrán ẹtù tó bọ́ síbi tó fò ti lọ nìyẹn; èyí tó kù ló ń di ìlà èké. Asẹ́ kan wà níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀; iṣẹ́ asẹ́ náà ni láti mú ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù rọ̀ kí ìlà èké má bàa yọ, ṣùgbọ́n fọ́tò ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, kì í ṣe fídíò.

Canon 5D Mark III dé ní 2012 pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 22.3. Iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n fídíò wọn ò jọra rárá, torí Mark III kì í fo ìlà. Àwòrán rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kò mú bí abẹ. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀: ẹ lè pọ́n àwòrán tó rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìlà èké tó ti wọnú aṣọ ò ṣeé yọ mọ́ dáadáa.

Ẹni tó ti ní Mark II lè ra asẹ́ VAF-5D2 ti Mosaic Engineering, tí wọ́n ń kì sínú kámẹ́rà lẹ́yìn lẹ́ǹsì. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ ó gba àyè dígí inú kámẹ́rà, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí ẹ tó lè ya fọ́tò. Níbi ìyàwó, tí ẹnì kan ṣoṣo ń ya méjèèjì, ta ló ráyè ìyẹn? Ẹni tó ń ya fídíò nìkan ni mo lè gbà á níyànjú fún.

Sony a6400, ti 2019, ń ka ìwọ̀n 6K (bíi píksẹ́ẹ̀lì 6,000 lójú ìbú) kó tó fún un pọ̀ di 4K (bíi 4,000) ní fréèmù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí aṣọ, òun ni mo yàn. Ẹ má yí kámẹ́rà náà kíákíá o, ilé á wọ́ nínú fídíò.

Nikon D800E ti 2012? Mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 36.3, ṣùgbọ́n wọ́n pa iṣẹ́ asẹ́ iwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ rẹ́ kí fọ́tò lè mú sí i. Ẹ fi sílẹ̀ fún ayafọ́tò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ẹtù dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi í kọ́, ẹ tan fídíò, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ojú ìwòran kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà yẹn lè purọ́, nítorí náà orí laptop ni kí ẹ ti wò ó, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ọlọ́jà tí ò bá gbà kí ẹ gbé fáìlì síbẹ̀, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.